Orúkọ Tí Ìyàwó Kò Lè Pè

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé mo fẹ́ wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń jókòó ní yàrá káàdì ní ọsibítù aládàáni kan nílùú Ìwó, orúnkún mi òsì sì ti gba gbogbo ìyà tó wà nínú iṣẹ́ náà. Mo máa ń wà lẹ́yìn fèrèsé kékeré kan. Aláìsàn á dé, màá bèèrè orúkọ rẹ̀, màá dìde lọ fa káàdì rẹ̀ yọ láàárín gbogbo káàdì tó kún orí pákó láti ilẹ̀ dé òkè àjà, màá sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà. Ó parí. Ọkọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, máa ń sọ pé ìwé ni àwa méjèèjì ń jẹ, àmọ́ tòun nìkan ló ní láádá.

Kò mọ̀ ni. Ohun tí dókítà tó ti kúrò lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn rí lára èèyàn, inú káàdì ló wà. Oògùn tí ara rẹ̀ gbà àti èyí tí ara rẹ̀ kọ̀, inú káàdì náà ni. Tí káàdì bá sọnù, dókítà di àlejò lára onítọ̀hún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í táràrà bí ẹni tó wọ ilé onílé nígbà tí iná lọ.

Ìwó sì ni mo ti ń ṣe é. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa, orúkọ tí àwọn bàbá wa fẹ́ràn kò sì pọ̀. Tí mo bá yọjú lójú fèrèsé tí mo pe orúkọ kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́rin ló máa dáhùn, bàbá méjì nínú wọn á sì tún máa jẹ́ orúkọ kan náà. Nọ́ńbà wà lórí káàdì lóòótọ́. A máa ń kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan fún aláìsàn pé kó máa mú un bọ̀. Páálí yẹn, mo ti rí ẹni tó fi dí ihò eku. Mo ti rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ ìdajì rẹ̀, tó kó ìdajì tó kù wá bá mi.

Èyí tó wá le jù ni ti àwọn ìyàwó. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọmọ yòówù tó bá nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta tí ikun ń dà nímú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un: Adúmáadán, Awẹ́lẹ́wà, Akọ̀wé, Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀. Á sì máa fi "ẹ" àti "wọ́n" bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin ayé ìsinsìnyí ti fi ọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn láwọn ìlú ńlá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ìwó níbí, àti ní Kuta, Ilé-Ogbó àti Olúpọ̀nnà, ìyàwó tó bá la ẹnu pe orúkọ ọmọ ọkọ, á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí títí tí á fi bí ọmọ kẹta. Ta ló sì ń gbé aláìsàn wá sí ọsibítù? Ìyàwó ilé náà ni, torí òun nìkan ni wọ́n gbà pé ó ráyè.

Màá bèèrè pé, "Orúkọ aláìsàn?"

"Akọ̀wé ni, mà."

"Akọ̀wé wo?"

"Akọ̀wé ilé wa."

Ẹ gbà mí. Lọ́dún mélòó kan àkọ́kọ́, mo jágbe mọ́ wọn títí ohùn mi fi ha. Nígbà tó yá mo wá ọgbọ́n dá. Mo ra ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, mo pín in sí agboolé-agboolé fún Ìwó, mo pín tàwọn ìlú àyíká náà sí ilé-ilé. Lábẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, mo kọ ẹni tó ní káàdì lọ́dọ̀ wa, nọ́ńbà rẹ̀, ìyá tó bí i, àti orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé fún un. Tí ìyàwó bá ti dé pẹ̀lú Akọ̀wé rẹ̀, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Màá kàn ní, "Ilé wo ni?" Á sọ. Màá ṣí ojú ewé náà, màá máa ka orúkọ wọn jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá dé orí èyí tó jẹ́, á mi orí. Òun kọ́ ló pè é, èmi ni mo pè é, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi, ilé ni mò ń wò kí n tó fa káàdì yọ.

Tí ẹ bá bi mí pé kí ni mo rí jẹ nínú iṣẹ́ yìí tí mo fi dúró tó bẹ́ẹ̀, òun náà nìyẹn. Kí ìyàwó mi orí, kí n dìde pẹ̀lú orúnkún mi tó ń ké, kí ọwọ́ mi lọ tààrà sí pákó kẹta, kí n fa káàdì kan tí wọn ò wò láti ọdún mẹ́jọ yọ, kí eruku rẹ̀ mú mi sín. Inú mi máa ń dùn nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àmọ́ inú mi máa ń dùn, ó sì máa ń gbé mi dé ọ̀sán.

Ó wá kan ti ọ̀gá tuntun. Ẹni tó ni ọsibítù kì í gbé Ìwó. Orí fóònù ló ti ń darí wa. Ó wá rán obìnrin kan sí wa pé kó máa ṣe alábòójútó. Obìnrin náà mọ̀wé, aṣọ rẹ̀ kì í rún, bàtà rẹ̀ kì í dún, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í mọ ìgbà tó bá ti dé ẹ̀yìn wa. Ká ní mo tètè lọ́kọ ni, mo bí i lọ́mọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló pè mí ní "ìwọ". Ó ní, "Ìwọ lo wà ní káàdì?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ẹ káàbọ̀, mà," mo sì tún tẹ ẹsẹ̀ ba díẹ̀ fún ọ̀gá, torí ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. "Ìwọ" náà ni mo jẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó bi mí bóyá "ìwọ" ń bó èèyàn láwọ̀. Mo ní á bó o láwọ̀ tó bá jẹ́ pé ọmọ àná ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ó kó àpótí kékeré tí mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé kúrò, ó ní ọ́fíìsì kì í ṣe pálọ̀. Á bi wá ní ìbéèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí a tó ya ẹnu, á ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn ṣá. Kó tó dé, nọ́ọ̀sì tó bá wù ú ló ń tètè dé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláìsàn kò sì ṣeé wọ̀. Ó tún méjèèjì ṣe láàárín oṣù kan. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń bá ẹni tó ni ọsibítù sọ̀rọ̀ lórí fóònù, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú, sà. Mo ti gbọ́, sà," bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò pẹ́ lára mi, àmọ́ ó ṣe mí.

Ìwé mi ló dá wàhálà sílẹ̀. Obìnrin kan lọ fẹjọ́ sùn pé mo bèèrè lójú gbogbo èèyàn bóyá ọmọ ìyálé ni òun gbé wá tàbí ọmọ ìyàwó. Òótọ́ ni. Ohùn mi kì í mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọ̀gá wá sí yàrá káàdì, ó ní kí n gbé ìwé náà wá. Ó ṣí i, ó sì kà á sókè.

"'Ọmọ ìyá kejì. Ìyàwó àgbà ń pè é ní Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀.' Ìwọ, ṣé àmẹ́bọ la gbà ọ́ síṣẹ́ fún ni?"

"Òun ni mo fi ń wá káàdì, mà. Àwọn ìyàwó ò lè dárúkọ..."

"Kí ni nọ́ńbà wà fún?"

Nọ́ọ̀sì méjì wà nítòsí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti bá wọn wá káàdì ìyá wọn rí, àwọn méjèèjì.

Kúẹ̀rì dé lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tó fi ṣe báyìí. Kí ló dé tí mo fi ń bi àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ ìdílé wọn? Mo fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ojú ewé kan àbọ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kò fún mi lésì. Ó kàn lẹ ìwé mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi: nọ́ńbà nìkan, ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà, káàdì tuntun, kò sí ìbéèrè nípa ìdílé. Ó ní kí n da ìwé yẹn nù. Ó ní tí òun bá tún gbọ́, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni màá lọ. Orúnkún mi kò lè dúró nínú omi fún wákàtí kan, ó sì mọ̀.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo mọ òwe yẹn, mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ mi tí wọ́n fi yarí. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, inú sì ń bí mi. Mo ní iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán mi, màá fi tẹrú jẹ́ ẹ, kí gbogbo ayé rí ibi tó máa já sí. Mi ò da ìwé náà nù, mo tì í sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ mi, mo fi ìborùn tí mo fi ń kírun bò ó. Ẹni tó bá dé láìní nọ́ńbà, káàdì tuntun. Mi ò ní béèrè ohunkóhun. Láàárín oṣù méjì, ẹnì kan ti ní káàdì mẹ́ta. Àwọn dókítà ń ráhùn pé gbogbo ìlú ti di ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Inú mi ń dùn. Ìdùnnú yẹn burú, mo mọ̀ pé ó burú, kò sì gbé mi dé ọ̀sán.

Òwúrọ̀ kan lásìkò òjò, ọ̀kadà kan yà wọlé. Ìyàwó kékeré kan ló sọ̀ kalẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ọmọbìnrin tó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ara tì í, orí rẹ̀ ń yẹ̀. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ìyàwó náà sáré wá sójú fèrèsé, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún.

"Orúkọ?"

"Adúmáadán ni, mà."

"Nọ́ńbà?"

"Wọn ò fún mi ní nọ́ńbà kankan, mà. Kuta la ti wá. Ìyá wa ti lọ sóko, fóònù wọn ò wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ara wọn ń gbóná, wọn ò dá mi lóhùn mọ́ láti àárọ̀."

Ó dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi. Ó ń dúró de nǹkan. Ìgbẹ̀yìn ni mo tó mọ̀ pé ìyálé rẹ̀ ti sọ fún un tipẹ́ pé tó bá gbé èèyàn lọ, kó má bẹ̀rù, obìnrin ojú fèrèsé á bèèrè ilé tó ti wá, á sì bá a pe orúkọ. Kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ilé wo ni? Ọmọ Ìwó ni mí, ilé odídẹrẹ́, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í wọ́n wa lẹ́nu, síbẹ̀ mo pa tèmi mọ́. Mo mú káàdì tuntun, mo kọ Adúmáadán sí i gàdàgbà, mo fi ojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, mo sì nàka sí ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Ó ní, "Ṣé ó tán, mà?"

Mo ní, "Ó tán."

Wọ́n gbé ọmọ náà wọlé. Mo ṣí oúnjẹ àárọ̀ mi, ẹ̀kọ àti àkàrà. Ọ̀gá ń kọjá lọ, ó wo ojú fèrèsé mi, kò sí ẹnikẹ́ni tó tò. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí? Ó dáa." Ọ̀rọ̀ ìyìn àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì há mi lọ́fun pẹ̀lú àkàrà. Mo jókòó, mo ń wo káàdì tuntun tó wà níwájú mi, òkìtì rẹ̀, kò sí ohun kan nínú wọn. Mo rántí ẹsẹ̀ ìyàwó yẹn. Mo rántí pé kò bú mi, kò jágbe, ó kàn bi mí bóyá ó tán.

Mo fa dúrọ́ọ̀. Mo ṣí ojú ewé Kuta. Ní ilé kẹta tí mo kọ síbẹ̀, Adúmáadán wà, òun nìkan ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ojú ewé náà, nítorí pé orúkọ tí ìyálé bá fún ọmọ ọkọ ni àwọn ìyàwó tó bá dé lẹ́yìn náà sábà máa ń jogún. Nọ́ńbà wà níwájú rẹ̀. Kí ènìyàn tó ka Fátíà tán, káàdì náà ti wà lọ́wọ́ mi. Èmi gan-an ni mo kọ iwájú rẹ̀, nígbà tí ìyá ọmọ náà pọ̀n ọ́n wá lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Nínú rẹ̀, dókítà kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ yìí ní pẹnisílìnì láé, pé díẹ̀ ló kù kó pa á. Ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo sáré. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò sáré mọ́ láyé mi. Mo kọlu àga, mo kọlu garawa, mo wọ wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ń fa abẹ́rẹ́ jáde ní apá ọmọ náà.

Ẹ má dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi. Ó ti bi ìyàwó náà bóyá oògùn kan wà tí ara aláìsàn kò gbà, ìyàwó náà ní òun ò gbọ́ ọ rí. Ó wo káàdì, káàdì ní ẹni yìí kò dé ibí rí. Káàdì tèmi nìyẹn. Mo na ti àtijọ́ sí dókítà. Ó kà á, ó sì kígbe oògùn mìíràn. Ètè ọmọ náà ti ń wú. Èémí rẹ̀ ń dún tínńrín-tínńrín. Ẹnì kan ń pariwo mọ́ ìyàwó náà pé, "Pè é! Pe orúkọ rẹ̀, kó gbọ́ ohùn rẹ!" Ìyàwó náà ti wà nílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó ń sọ pé, "Adúmáadán, ọkọ mi, ẹ má ṣe mí báyìí. Ẹ dákun, ọkọ mi." Kò pe orúkọ rẹ̀ gidi. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí wà lọ́rùn mi.

Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, èémí ọmọ náà ti já geere. Alihamudulilai. Dókítà ní ká ní wọn ò tètè mọ ohun tó ń ṣe é ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń kí mi. Nọ́ọ̀sì méjì tó fi mí rẹ́rìn-ín ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi. Mo mu ún. Kò dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì, kúẹ̀rì kejì dé. Kí ló dé tí mo fi ṣí káàdì tuntun fún aláìsàn láìbèèrè tó yẹ? Mo kà á, mo tún un kà, mo sì bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá káàdì lémi nìkan. Kúẹ̀rì kìíní, mo bèèrè. Kúẹ̀rì kejì, mi ò bèèrè. Ẹ̀rí mi sì wà lára ògiri, ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀. Mo jókòó ti èsì náà lódindi ọjọ́ méjì. Mo kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní jọ sínú rẹ̀. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí ẹni tó ni ọsibítù ṣe máa pè é lórí fóònù, àti bí á ṣe máa ní "Ẹ má bínú, sà." Ó kù kí n tún un kọ sórí ìwé tó mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni ìyá ọmọ náà wá sójú fèrèsé mi. Obìnrin gíga kan ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ àgbẹ̀. Ìyàwó kékeré yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, àpò aṣọ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ń rìn káàkiri ibẹ̀ láti àárọ̀ bí ẹni tó ń retí ìròyìn burúkú.

Ìyá náà ní, "Ṣé ìwọ ni obìnrin káàdì? Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ. Ìwọ lo gba ọmọ mi lọ́wọ́ ikú. Àwọn ọmọ tìrẹ ò ní kú mọ́ ọ lójú." Ó ṣàdúrà gígùn. Mo ń ṣe àmín, àmín náà ń wúwo lẹ́nu mi.

Mo bi í pé àpò wo nìyẹn.

"Ti ìyàwó ni. Ní Olúpọ̀nnà ni wọ́n ti bí i. Tí ọmọ mi bá ti jáde nísinsìnyí, màá yà á sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, kó máa bá wọn gbé. Ó mọ orúkọ ọmọ mi. Ó gbé e dé iwájú rẹ, kò dárúkọ rẹ̀ fún ọ. Ikú dé sí i lọ́rùn, wọ́n ní kó pè é, kò pè é. Irú ìyàwó wo nìyẹn?"

Mo wo ìyàwó náà. Kò gbèjà ara rẹ̀. Ká ní ó pe orúkọ náà ńkọ́? Wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Kò pè é, wọ́n ń kó o lọ sílé bàbá rẹ̀. Mo mọ irú ẹjọ́ yẹn dáadáa, kúẹ̀rì méjì irú rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ náà á tán sórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi mí. Ojú tì mí. Ó ti pẹ́ tí ojú ti tì mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo jáde láti ẹ̀yìn fèrèsé, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó náà, orúnkún mi dún.

"Ìyá, ẹ má lé e. Kò jẹ̀bi. Ó pe orúkọ tó lè pè. Iṣẹ́ tèmi ni láti bèèrè ìyókù. Gbogbo ọdún tí mo lò níbí, mò ń bèèrè. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ ohun tó yẹ kí n bèèrè, ó wà lẹ́nu mi, mi ò bèèrè. Èmi ni mo kọ́kọ́ fún wọn ní káàdì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

Ìyá náà ní, "Kí ló dé?"

"Inú ló ń bí mi, mà."

"Sí ọmọ mi? Ṣé ọmọ mi ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Ìyàwó mi ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Rárá, mà. Wọn ò ṣẹ̀ mí."

Kò tún bèèrè ẹni tó ṣẹ̀ mí. Mi ò gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà tí ọ̀gá wà. Ó yà mí lẹ́nu pé lẹ́yìn gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, mi ò tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ kan sọ nípa rẹ̀ tó máa bá ìbéèrè obìnrin yìí mu. Ọ̀gá ló ṣòfin, àmọ́ èmi ni mo mọ̀. Ọ̀wọ̀ ló dí ìyàwó yẹn lẹ́nu. Ìbínú ló dí tèmi.

Àdúrà tí ìyá náà ti ṣe fún mi, kò gbà á padà, kò sì fi kún un. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Gbé àpò rẹ. Lọ mú ọkọ rẹ jáde ní wọ́ọ̀dù, ká máa lọ sílé."

Mo ń wò wọ́n títí ọ̀kadà méjì fi gbé wọn jáde ní gétì, ìyá níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, ó gbá ọmọbìnrin náà mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ kan. Mo padà sínú yàrá káàdì. Mo mú èsì kúẹ̀rì tí mo fi ọjọ́ méjì kọ, mo ya á sí mẹ́rin. Mo mú ìwé tuntun, mo kọ ọ́ pé mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bèèrè, mi ò bèèrè nítorí ìbínú, mo sì tọrọ àforíjì. Mo fọwọ́ sí i, mo gbé e lọ fún ọ̀gá.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń retí ojú ewé tó kù, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Máa bèèrè. Àmọ́ rẹ ohùn rẹ sílẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́, mà. Ó da ìwé náà padà fún mi, ó ní kí n fi í sínú fáìlì mi.

Fáìlì àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi náà ló wà. Mo dìde lọ síbẹ̀, mo na ọwọ́, mo rí tèmi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ìwé náà sí i lókè pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wá a á ti rí i.